Kí Gan-an Ni Yunifásítì Ń Tì Pa Nígbà Tó Bá Ti Ilé Tíátà Rẹ̀ Pa?

Ìkéde tó máa ń jáde lórí irú ọ̀ràn yìí kì í gùn. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti tó o. Àkọ́kọ́ á ní ilé tíátà yunifásítì ń jẹ gbèsè lọ́dọọdún. Ìkejì á ní ilé náà ti gbó, àtúnṣe rẹ̀ á sì gba owó gọbọi. Ìkẹta á fi ọkàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ balẹ̀ pé "àyè mìíràn" wà nínú ọgbà tí wọ́n á ti máa ṣeré. Lẹ́yìn ìyẹn ni ariwo á sọ. Àwọn òṣèré á ní wọ́n fẹ́ pa àṣà run. Àwọn tó ń ṣọ́ àpò á ní owó kò sí. Ẹni tó wà láàárín, tí kò tíì wọ ilé tíátà rí láyé rẹ̀, kò ní mọ ta ni kó gbà gbọ́.

Ẹni tó wà láàárín yẹn ni mo ń kọ èyí fún. Mi ò ní díbọ́n pé mi ò fì síbì kan: èrò mi ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò tí kò pé ni wọ́n fi ń ti ilé tíátà pa. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbèjà rẹ̀ náà máa ń fi ọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gbèjà ọ̀hún. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ní "tíátà yunifásítì", nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló lè wà lábẹ́ orúkọ yẹn. Ó lè jẹ́ ilé: ìtàgé, ìjókòó, iná, yàrá ìmúra. Ó lè jẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní oyè nínú iṣẹ́ tíátà. Ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré tó ń gbowó oṣù, tó kàn fi ọgbà yunifásítì ṣe ibùjókòó. Ọ̀kan lè wà kí èkejì má sí. Ní Cambridge, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Amateur Dramatic Club ti wà láti 1855, yunifásítì ló sì ń bójú tó ilé tíátà wọn, ADC, láti 1974. Yunifásítì náà kò ní ẹ̀ka tó dá dúró fún ìmọ̀ eré ṣíṣe. Àwọn tó ń kọ́ ìtàn, òfin, físíìsì àti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́sàn-án ló ń gorí ìtàgé lálẹ́. Bristol ni òdìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì Britain ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù squash tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ di ìtàgé. Ilé tíátà Northcott ní Exeter, tó ṣí ní 1967, àti Nuffield ní Southampton, tó ṣí ní 1964, tún jẹ́ oríṣi mìíràn. Inú ọgbà yunifásítì ni wọ́n kọ́ àwọn méjèèjì sí, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó dá dúró, tó ń gba òṣèré síṣẹ́, tó sì ń gba owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ ìjọba, ló wá ń darí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, kí wọ́n tó pa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ́, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, níbi tí àríyànjiyàn á ti wáyé, tí wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé títì kì í sábà gba ìyẹn. Ọ̀rọ̀ dúkìá ni wọ́n kà á sí, àwọn tó ń bójú tó ilé àti owó sì lè parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ilé nìkan ni wọ́n ń tì, pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ṣì wà digbí, ẹ má tíì sinmi. Ẹ̀ka náà á wà lórí ìwé fún ọdún díẹ̀. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ fún un á máa dín kù, torí ta ló fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìtàgé níbi tí kò sí ìtàgé? Títí ẹnì kan á fi dìde nínú ìpàdé pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tó nǹkan mọ́, ká pa ẹ̀ka náà rẹ́. Nígbà yẹn, òótọ́ ni á máa sọ.

Ó yá, ká wá sórí àdánù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Láàbù kẹ́míkà kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gíláàsì ń fọ́, kẹ́míkà ń tán, iná mànàmáná ń jó, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé láàbù jẹ gbèsè. Ìnáwó ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń pè é. Ilé tíátà ní tirẹ̀ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Torí pé ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ojú ìwé tí wọ́n ń kọ owó tó wọlé sí. Torí pé ojú ìwé yẹn wà, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tó jáde, ohun tó bá sì kù ni wọ́n ń pè ní àdánù. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọ̀la lọ, owó tí ilé náà ń jẹ á pọ̀ sí i ni, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ àdánù pòórá, kó di ìnáwó ẹ̀kọ́ bíi ti láàbù. Tíkẹ́ẹ̀tì ló kó bá a.

Ẹ tún wo inú owó tó jáde náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń lo ètò ìṣúná tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Harvard ló ní gbólóhùn tó lókìkí jù lórí èyí, pé kí ọpọ́n kọ̀ọ̀kan fi ìdí ara rẹ̀ jókòó. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ìnáwó gbogbogbòò bíi ti ẹ̀ṣọ́, ìmọ́tótó, íntánẹ́ẹ̀tì àti ọ́fíìsì gíwá ni wọ́n ń pín lé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lórí, wọ́n sì sábà máa ń fi bí àyè tí ẹ̀ka ń lò ṣe fẹ̀ tó pín in. Ilé tíátà sì fẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ìtàgé, ó ní ibi ìkẹ́rùsí, ó ní yàrá tí wọ́n ti ń kan pákó àti èyí tí wọ́n ti ń rán aṣọ eré. Ìpín tirẹ̀ á tóbi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ tó ń rìn yí i ká lóru náà ló ń ṣọ́ ilé ìkàwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Èmi ni mo hun ún fúnra mi, nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í ṣe ti ilé tíátà kankan. Ká ní gbogbo ìnáwó ọdún kan jẹ́ 100. Nínú rẹ̀, 35 ni yunifásítì kà sí i lọ́rùn fún àyè àti àkóso. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà jẹ́ 40, ìdajì àkókò wọn ni wọ́n sì ń fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń to iná, bí a ṣe ń ṣètò ìró àti bí a ṣe ń kan ohun èlò ìtàgé. Eré gan-an ni 25 tó kù lọ sí. Owó tó wọlé ńkọ́? Tíkẹ́ẹ̀tì mú 30 wá, àwọn tó háyà gbọ̀ngàn mú 15 wá, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 45. Ìwé ìṣirò á kọ ọ́ pé àdánù jẹ́ 55, 55 yẹn náà ni á sì dé inú ìròyìn.

Wàyí o, ẹ ti ilé náà pa. 35 ti ìnáwó gbogbogbòò kò lọ síbì kankan. Gíwá ṣì wà, ẹ̀ṣọ́ ṣì wà, wọ́n á kàn tún un pín lé àwọn ẹ̀ka yòókù lórí ni. Ìdajì owó oṣù, ìyẹn 20, ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ tí yunifásítì ti ṣèlérí fún àwọn tó forúkọ sílẹ̀, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ṣe é níbòmíràn. Ohun tí wọ́n rí fi pamọ́ ní tòótọ́ ni 20 nínú owó oṣù àti 25 ti eré. Ó jẹ́ 45. Ṣùgbọ́n 45 tó ń wọlé tẹ́lẹ̀ ti bá a lọ. Èrè tó wà nínú ìtìpa náà jẹ́ òdo.

Nọ́ńbà mi tò dáadáa torí pé èmi ni mo tò ó, mo gbà. Àwọn ilé tíátà kan wà tí àdánù wọn jẹ́ àdánù pọ́nńbélé. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání ni pé "iye tó ń pàdánù" àti "iye tí a máa rí fi pamọ́ bí a bá tì í" kì í ṣe ohun kan náà, èyí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì máa ń sọ fún aráàlú. Ẹni tó bá béèrè èkejì ní ìpàdé, tó sì takú títí wọ́n fi dá a lóhùn, ti ṣe ju ẹni tó fi ọgọ́rùn-ún èèyàn gbé pátákó kiri.

Ìdí mìíràn tún wà tí tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kì í fi í tó, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ní 1966, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Princeton, William Baumol àti William Bowen, gbé àlàyé rẹ̀ jáde. Orin tí èèyàn mẹ́rin fi ohun èlò olókùn kọ ní igba ọdún sẹ́yìn, èèyàn mẹ́rin náà ló ń gbà lónìí, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi ìdajì àkókò kọ ọ́ tán kó ṣì jẹ́ orin yẹn. Ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bàtà, ẹ̀rọ ti dé tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan ṣe iṣẹ́ ogún èèyàn, owó oṣù sì ń tìtorí ìyẹn gòkè káàkiri. Òṣèré àti oníná náà fẹ́ jẹun, owó tiwọn náà á gòkè, ṣùgbọ́n eré òṣèré mẹ́wàá kò lè di eré òṣèré kan àbọ̀. Ni owó tí eré ń jẹ bá ń yára gun òkè ju ti ọ̀pọ̀ ọjà mìíràn lọ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà jalè tàbí ya ọ̀lẹ. Ẹ̀kọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ ní àìsàn kan náà lára. Bowen yìí ló wá di ààrẹ Princeton láti 1972 sí 1988: ẹni tó ṣàlàyé ìdí tí eré kò fi lè gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ wá ń wá owó kiri fún ilé ẹ̀kọ́ tí owó akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kò lè gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ẹni tí kì í lọ wo eré ńkọ́, ǹjẹ́ ó ní ìpín kankan nínú rẹ̀? Ìbéèrè yìí dà bí èyí tí kò ní ìdáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbìyànjú àtiwọ̀n ọ́n. Trine Bille Hansen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Denmark, ṣe ìwádìí tó jáde ní 1997, nínú èyí tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ aráàlú iye tí wọ́n fẹ́ máa san nínú owó orí wọn kí Royal Theatre tó wà ní Copenhagen lè máa bá iṣẹ́ lọ. Iye tí wọ́n dá, ó kéré tán, tó owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún un. Àwọn tí kì í dé ibẹ̀ náà wà lára àwọn tó ní àwọn á san. Àwọn kan fẹ́ kó wà kí ọmọ wọn lè lọ lọ́jọ́ kan. Àwọn kan ń fi àyè sílẹ̀ fún ara wọn, bóyá ó lè wù wọ́n lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan kàn fẹ́ máa gbé nílùú tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Tíátà orílẹ̀-èdè ni ìyẹn o, kì í ṣe ti yunifásítì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà Denmark lọ fi jà níbòmíràn. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìjókòó tó ṣófo kò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí kò wá.

Ẹ má gba nọ́ńbà kan báyìí lọ́wọ́ àwa olùgbèjà o: èyí tó máa ń ní gbogbo owó kọ̀ọ̀kan tí a bá fi sí tíátà ń di mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọrọ̀ ajé àdúgbò. Ẹni tí kò bá rí eré wò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lè lọ ná owó kan náà níbi bọ́ọ̀lù tàbí sinimá, nílùú kan náà. Owó kò sá, ọ̀nà tó gbà ló yí padà. Irú ìṣirò yìí máa ń rẹwà lórí ìwé, akápò tó bá gbọ́n díẹ̀ á sì tú u ká láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, á wá fi ìyẹn bu ẹnu àtẹ́ lu gbogbo ohun yòókù tí ẹ sọ.

Kí wá ni èrè gidi? Lójú tèmi, òun ni pé ìtàgé yunifásítì jẹ́ ibi tí eré ti lè kùnà láìsí pé ẹnikẹ́ni bọ́ sí ojú títì. Ilé tíátà tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì jẹun kò lè máa dán ohun tí kò dájú wò lóṣooṣù. Eré mẹ́ta léraléra tí èèyàn kò wá wò tó lè pa á. Ní yunifásítì, eré tí kò dùn jẹ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tó kọ ọ́ á jókòó sẹ́yìn, á gbọ́ ibi tí àwọn òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ tí wọ́n ń yí ara padà lórí ìjókòó, á sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gùn jù. Kò sí olùkọ́ tó lè fi pẹ́ńsù pupa sọ èyí fún un kó wọ̀ ọ́ létí tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1957, eré àkọ́kọ́ tí Harold Pinter kọ hàn sáyé ní ibi squash Bristol tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn. Òṣèré tí kò lókìkí ni Pinter nígbà náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà, Henry Woolf, ló ní kó kọ nǹkan kan kí àwọn ṣe. Ní Ìbàdàn, orí ìtàgé Arts Theatre ti yunifásítì ni wọ́n ti ṣe eré Wọlé Ṣóyínká méjì ní 1959, kí òun fúnra rẹ̀ tó ti Britain padà dé ní 1960. Ní 1963, ìtàgé kan náà gba Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọ̀gá eré aláàárìnkiri tí kì í ṣe ọmọ yunifásítì rárá. School of Drama, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 pẹ̀lú owó Rockefeller Foundation, gbà á wọlé fún oṣù bíi mélòó kan, Demas Nwoko ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé fún un, eré Ọ̀mùtí tó ti inú ìwé Amos Tutuola jáde sì wá di èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé rìn kiri. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí pé ẹnu ọ̀nà ilé náà ṣí sí ìta. Ẹni tó mọ eré ṣe láti kékeré wá rí iná àti àkókò lò, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà sì rí ọ̀gá tí ó mọ bí a ṣe ń mú èrò dání.

Yunifásítì tó kọ̀ láti kọ́ ìtàgé náà ní ìtàn tirẹ̀. George Pierce Baker ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ eré ní Harvard, Eugene O'Neill, tó wá di òǹkọ̀wé eré olókìkí ní Amẹ́ríkà, sì wọ kíláàsì rẹ̀ ní 1914. Baker ń bẹ̀bẹ̀ fún ilé ìtàgé gidi, Harvard kò dá a lóhùn. Nígbà tí olówó kan tó ń jẹ́ Edward Harkness fún Yunifásítì Yale ní mílíọ̀nù kan dọ́là láti kọ́ ọ̀kan, Baker palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó gba Yale lọ ní 1925, ìtàgé náà sì ṣí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. 1960 ni Harvard tó ṣí ilé ìtàgé tirẹ̀, Loeb Drama Center.

O'Neill, Ṣóyínká, Pinter: ẹ̀bùn Nobel 1936, 1986 àti 2005. Ó dùn ún fi parí ẹjọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní fi parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè dáhùn pé irú àwọn yẹn ì báà ti la ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tó ń gba orí ìtàgé yunifásítì kọjá, ayé kì í gbọ́ orúkọ wọn, àwọn ló sì yẹ kí a fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọmọ tó bá ṣe alábòójútó ìtàgé fún eré kan ti kọ́ bí a ṣe ń mú ogún èèyàn dé ibi kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, láìsí pé ó lè sún ọjọ́ síwájú, torí pé tíkẹ́ẹ̀tì ti jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn náà ti yá nínú ọgbọ́n yìí. Ní 1963, Howard Barrows ní Yunifásítì Southern California kọ́ ẹnì kan láti ṣe bí aláìsàn kí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà lè fi dánra wò, àṣà náà sì ti tàn kárí ayé. Ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí yunifásítì fi ìbò pín àwọn ọmọ ilé ìwé: àwọn kan lọ wo eré lójúkojú, àwọn kan kò lọ. Àwọn tó lọ mọ ìtàn eré náà dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń ka ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn lójú rẹ̀ dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Lóòótọ́, títọ́ aláìsàn ayédèrú kò nílò ìtàgé olówó ńlá. Mo dárúkọ rẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ọgbọ́n náà kì í dúró sínú ẹ̀ka kan.

Ọ̀rọ̀ "àyè mìíràn" ló kàn, òun ló sì máa ń tan èèyàn jù. Gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ìjókòó, ó ní pèpéle, ó ní gbohùngbohùn. Kí ló tún kù?

Òkè ló kọ́kọ́ kù. Ní ilé tíátà tó pé, ilé gíga kan wà lórí ìtàgé tí òǹwòran kì í rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi okùn fa àwòrán ẹ̀yìn, aṣọ àti iná sókè pamọ́, kí igbó lè di ààfin ní ìṣẹ́jú àáyá. Òṣùwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún ń tẹ̀ lé ni pé kó ga tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ẹnu ìtàgé. Kò sí gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tún kù: àyè tí òṣèré ti ń dúró de ìgbà tí yóò wọlé, tí tábìlì àti àga ti ń dúró de ìran kejì. Òkùnkùn náà kù, torí gbọ̀ngàn tó ní fèrèsé kò ṣeé mú dúdú pátápátá, ìtàgé tí kò bá sì ṣeé mú dúdú, iná kò lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn wùù, tí kò sẹ́ni tó ń fiyè sí i nígbà tí olùkọ́ di gbohùngbohùn mú, á gbé ọ̀rọ̀ òṣèré tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ mì.

Gbogbo ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Àkókò ni kò ṣeé fara dà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kan ohun èlò ìtàgé, kí wọ́n to iná sójú ẹ̀, kí wọ́n fi dánra wò pẹ̀lú rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún òǹwòran. Nínú gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kíláàsì aago mẹ́jọ àárọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Gbogbo ohun tí wọ́n tò lálẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú kó tó di àfẹ̀mọ́júmọ́. Eré kan tàbí méjì lè yè é, lẹ́yìn náà á rẹ gbogbo èèyàn, eré á wá kù sí èyí tó nílò àga méjì àti aṣọ dúdú kan. Ẹ lè bi mí pé ṣebí ibi squash ni mo yìn lẹ́ẹ̀kan? Bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá tí kò lẹ́wà ti tó fún eré tó dára. Ṣùgbọ́n àwọn ará Bristol ló ni yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ láàárọ̀. Bí yunifásítì bá ní òun fẹ́ fi yàrá kékeré kan tó jẹ́ ti tíátà nìkan rọ́pò gbọ̀ngàn ńlá, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ṣeé jókòó sọ.

Ti ilé tó gbó kì í ṣe irọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tíátà yunifásítì ni wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, nígbà tí asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ohun èlò tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wọ́pọ̀ nínú ilé kíkọ́. Òfin iná sì le fún ilé tíátà ju fún ọ̀pọ̀ ilé mìíràn lọ, ó sì ní ìdí: ní 1903, iná Iroquois Theatre ní Chicago pa èèyàn 602, láti ìgbà náà ni òfin lórí ilẹ̀kùn àbájáde àti aṣọ ìdènà iná ti le sí i. Àmọ́ ẹ wo bí owó àtúnṣe náà ṣe di ńlá. Lọ́pọ̀ ìgbà, àtúnṣe kéékèèké tí wọ́n ń sún síwájú lọ́dọọdún ni wọ́n dì pọ̀ tí wọ́n gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Asbẹ́sítọ́ọ̀sì kì í sì í lọ torí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Yálà wọ́n fẹ́ wó o, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ọ́fíìsì tàbí wọ́n fẹ́ fi í sílẹ̀ lófo, ẹnì kan máa san owó yẹn.

Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tó yẹ kí wọ́n tì í? Ó wà. Bí ìtàgé bá ṣókùnkùn fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, bó bá jẹ́ pé ìpàdé àti ìgbéyàwó tí wọ́n háyà rẹ̀ fún ni iṣẹ́ rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè wọlé lọ fọwọ́ kan iná láìgba ìwé àṣẹ mẹ́rin, ilé ìpàdé ni, orúkọ tíátà kàn wà lára rẹ̀ ni. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ti Exeter àti Southampton fi hàn pé ibì kan náà kọ́ ni irú ọ̀ràn yìí máa ń parí sí. Ní Exeter, àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́ iṣẹ́ ọnà kéde ní ìparí 2007 pé àwọn fẹ́ gé owó Northcott, ariwo sọ, wọ́n sì yí i padà. Ní 2010 ilé-iṣẹ́ náà tún kó sí gbèsè, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí òfin yàn láti bójú tó ilé-iṣẹ́ tó ń wọko gbèsè. Yunifásítì wá dáwọ́ lé e, wọ́n ṣì ń ṣeré níbẹ̀. Ní Southampton, ilé-iṣẹ́ tó ń darí Nuffield wọ irú ipò kan náà ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ìtàgé pa, wọ́n sì kógbá sílé lọ́dún yẹn. Àkókò kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀kan dá èkejì lẹ́bi, ṣùgbọ́n ní ìgbà méjèèjì, ohun tó pinnu rẹ̀ ni bóyá ẹnì kan tó lówó lọ́wọ́ fẹ́ gbé e sórí ìwé tirẹ̀.

Bí wọ́n bá wá sọ fún yín pé ìtìpa náà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí yóò ṣí. Ẹ béèrè àpò tí owó àtúnṣe wà. Ẹ sì béèrè bóyá àwọn oníná, àwọn onígi àti àwọn tó ń rán aṣọ eré ṣì wà lórí ìwé owó oṣù, torí pé irú wọn kì í pọ̀ nígboro, bí wọ́n bá sì ti ríṣẹ́ síbòmíràn, kò sí ẹni tó mọ okùn wo ló ń fa kí ni lórí ìtàgé yẹn mọ́. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ti ń ta iná ìtàgé, ọ̀rọ̀ ìgbà díẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.